Obìnrin Tó Jókòó Lẹ́nu Géètì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń tini, kó má lọ bi olè, nítorí olè a máa ṣàwáwí. Kó lọ bi Nuh Àkànní, ẹni tó ń fi okùn sí ráákẹ́tì tẹ́nìsì ní Jẹ́dà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò Al-Hindawiyah ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ìyá rẹ̀, Àlàájà Raheemat, ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú yàrá méjì. Ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Ìlọrin, ó ń sọ Lárúbáwá bí ọmọ Jẹ́dà, ó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn àlejò tó ń wá gbá tẹ́nìsì. Ọmọ dáadáa ni, bí a bá yọ ti ìṣẹ́jú kan péré kúrò nínú ayé rẹ̀.

Yàrá kótópó kan ni kílọ́ọ̀bù fún un lẹ́yìn pápá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa okùn ráákẹ́tì sì gba ìdajì ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Emina ti wá bá a ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje àwọn obìnrin, ráákẹ́tì mẹ́ta lábẹ́ apá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó wá láti Novi Pazar, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Serbia tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Àwọn obìnrin tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà níwájú rẹ̀ nínú ipò àwọn agbá-tẹ́nìsì ní ayé, bàbá rẹ̀ sì ni olùkọ́ rẹ̀. Orí pápá kan tí koríko ti ń yọ láàárín sìmẹ́ńtì ló ti kọ́ ọ, àwọn méjèèjì a sì máa wa ọkọ̀ àlòkù wọn láti ìlú dé ìlú lọ síbi ìdíje.

"Kílò mẹ́tàlélógún ni kí o fa gbogbo rẹ̀ dé," Emina wí.

"Á le jù níbí," Nuh dáhùn. "Afẹ́fẹ́ òkun ń mú kí bọ́ọ̀lù wúwo. Jẹ́ kí n fa á dé mọ́kànlélógún."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ gbá a ni?"

"Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni wàá bú bí apá bá ń dùn ọ́ lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó fa ẹyọ kan dé mọ́kànlélógún, kó ṣe méjì yòókù bí òun ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ kejì, méjì tó fẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lára, ẹyọ kan tí Nuh ṣe ló sì gbà á là. Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé méjì yòókù ka orí tábìlì.

"Mọ́kànlélógún," ó wí. "Má sì rẹ́rìn-ín."

Nuh kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Emina na ẹni márùn-ún kí wọ́n tó na òun náà, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò wá sí yàrá okùn, kódà nígbà tí okùn kankan kò já.

Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ń kọ̀wé síra wọn lórí fóònù lójoojúmọ́. Ó gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tùnísíà, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nuh kó tó fi ránṣẹ́ sí ìyá tó bí i. Nígbà tó bi Nuh pé iṣẹ́ wo ni ìyá tirẹ̀ ń ṣe, Nuh ní, "Ìdí ètò ìgbéyàwó ló wà."

Ẹ má pè é ní irọ́ pátápátá. Ẹnu géètì gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni Àlàájà Raheemat máa ń jókòó sí, tó ń yẹ báàgì àwọn obìnrin wò, tó sì ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà ya àwòrán àwọn tó ti ṣí aṣọ orí nínú ilé. Ìdí ìgbéyàwó náà nìyẹn. Nuh kàn fi "ètò" bọ̀ ọ́ lára ni.

Ìyá náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ti Emina rárá.

"Ọmọ òyìnbó tó ń sáré kiri lójú ayé? Àkànní, ṣé àwọn ọmọ wa tó wà ní Mẹ́kà ti tán ni?"

"Ó ń kírun, Màámi. Ó sì ń wọ ṣòkòtò tó gùn dé kókósẹ̀ gbá a."

"Bó bá ń kírun, kí ló ń lé bọ́ọ̀lù kiri sí?" Ó wo àwòrán inú fóònù náà. "Ṣé ó máa ń jẹun kánú? Ó rù jù."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń yọjú sí fóònù ọmọ rẹ̀ nígbàkígbà tí Emina bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì ayò náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣe àdúà. Bí Emina bá pàdánù, Àlàájà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ títí di àsìkò ìrun.

Nígbà tí ọdún yí po, ìdíje tún dé Jẹ́dà. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kó àwọn obìnrin lọ sí géètì gbọ̀ngàn ní kí Àlàájà Raheemat lọ ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ní kílọ́ọ̀bù tẹ́nìsì. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọbìnrin inú fóònù yìí, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún Nuh.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, Nuh ló gbé báàgì ráákẹ́tì kọ́ èjìká, Emina wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá Emina wà lápá kejì pẹ̀lú Firas, ọ̀gá kílọ́ọ̀bù. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá Nuh rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ni obìnrin kan bá dìde lórí àga oníke lẹ́nu géètì àwọn obìnrin, ó wọ abáyà dúdú, káàdì òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ayọ̀ kún ojú rẹ̀.

"Àkànní!"

Gbogbo wọn yíjú. Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣe nígbà tó bá pàdé ìyá rẹ̀ kò nílò àlàyé. Nuh ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárín ọjà Al-Hindawiyah láti kékeré, tí àwọn ọmọ Lárúbáwá ń wò ó, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó wo káàdì yẹn, ó wo àga oníke, ó wo bàtà tó ti tẹ̀ lẹ́yìn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo Firas àti bàbá Emina. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀.

"Áhlán, yà khálà," ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Khálà ni àwọn ọ̀dọ́ Jẹ́dà máa ń pe gbogbo obìnrin àgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́: èyí tó ń gbálẹ̀, èyí tó ń tajà, èyí tó ń ṣọ́ ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń fi pe ìyá tó bí i. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣà á jọ mọ́.

Àlàájà Raheemat wò ó fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Ayọ̀ ojú rẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ó di ìbínú, ó kàn lọ ni.

"Tafáddàl," ó fi Lárúbáwá dáhùn. Kí ó máa kọjá. Ó sì mú báàgì Emina, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ṣe ní kó yẹ̀ ẹ́, ó dá a padà fún un.

"Ta ni obìnrin yẹn?" Emina bi í nígbà tí wọ́n wọlé. "Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́."

"Ó mọ àwọn èèyàn mi," ni Nuh wí. Ó lè sá padà nígbà yẹn. Ìgbésẹ̀ ogójì péré ni ibẹ̀ sí géètì, ó kà wọ́n lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà. Kò sá padà.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

"Màámi, ti òwúrọ̀ yẹn..."

"O wà láàárín àwọn èèyàn ńlá," ni Àlàájà wí. "Mo rí i. Ọmọ náà dára ju ti inú fóònù lọ. Jẹun."

Bó bá bú u ni, bóyá ara rẹ̀ ì bá fúyẹ́. Ó jẹ oúnjẹ náà tán, kò mọ ohun tó jẹ.

Emina gba ife lọ́dún yẹn ní Jẹ́dà. Ìròyìn rẹ̀ dé Serbia, àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sọ fún Nuh nínú yàrá okùn pé bí ó bá fẹ́ fẹ́ òun, kó bá bàbá òun sọ̀rọ̀. Nuh lọ. Bàbá náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni," ó wí. "Ọkọ lè di òkúta nínú bàtà rẹ̀. N kò ní kí o lọ, n kò sì ní kí o wá. À ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà lóṣù mẹ́ta sí i. Mo fẹ́ rí ìyá rẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá ni mo ti ń mọ ọkùnrin."

Ojora mú Nuh. Bí bàbá yìí bá rí ìyá rẹ̀, yóò rí obìnrin ẹnu géètì. Dípò kó jẹ́wọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, ní Az-Zahir, lọ́dọ̀ Àlàájà Muhsinah, ìyàwó dókítà kan tó ti ń ṣọ̀rẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti ogún ọdún. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró fún òun bí ìyá.

"Níbo ni Raheemat ń lọ?" Àlàájà Muhsinah bi í.

"Ara ìyá mi kò fẹ́ ariwo. Ẹ̀yin náà sì mọ àṣà wa, Àlàájà. Ìyá kò pin sí ẹni tó bíni. Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá lè jókòó, ọ̀rẹ́ ìyá lè jókòó, wọ́n á ní ìyá ọkọ nìyí, kò sẹ́ni tó máa bínú."

Òótọ́ ni. Àṣà náà wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n Nuh mọ̀ pé ẹ̀yìn àṣà ni òun ń sá pamọ́ sí. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò kọ̀. Àlàájà Raheemat kàn ní, "Ìyá ni Muhsinah náà. Ṣé wọ́n á jẹ ìrẹsì? Kí n kúkú bá a se é." Ibi tí à ń pè lórí ni Nuh fi tẹlẹ̀, orí náà sì ń bi í pé ibo ló fẹ́ tẹ̀ sí i.

Ọjọ́ pé. Emina àti bàbá rẹ̀ ṣe Úmúrà tán, wọ́n dé Az-Zahir lọ́sàn-án. Àlàájà Muhsinah jókòó sórí àga, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn. Àlàájà Raheemat wà ní kíṣìnnì. Bàbá Emina gbé oyin àti aṣọ àwọ̀lékè kan tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ hun sílẹ̀ fún "ìyá Nuh." Àlàájà Muhsinah gbà á, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," bàbá náà wí. "Ẹ̀yin ìyá rẹ̀ nìkan lẹ lè dá mi lóhùn. Ọmọ yìí, ṣé ó ń ṣe dáadáa sí yín?"

Àlàájà Muhsinah wo aṣọ àwọ̀lékè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ pé Mẹ́kà kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré.

"Nuh, forí jì mí," ó fi Yorùbá wí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá Emina. "Mi ò lè purọ́ lórí ilẹ̀ mímọ́ Háráámù yìí. Èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ yín."

Emina ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó wo obìnrin tó wà nídìí iná.

"Obìnrin ẹnu géètì," ó wí. Ó yíjú sí Nuh. "O ní ó mọ àwọn èèyàn rẹ."

Nuh fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Bàbá Emina kò pariwo. Ó dìde, ó kí Àlàájà Raheemat, ó gba aṣọ àwọ̀lékè lọ́wọ́ Àlàájà Muhsinah, ó gbé e lé èjìká ìyá tó ni ín.

"Bàbá tèmi ló ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ nílùú wa," ó sọ fún Nuh. "Mo lè fún tálákà lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ mi kò ní gba ife mọ́, tó máa darúgbó. N kò lè fi í fún ẹni tó máa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan tó máa ní òun kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n lọ láì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìyá Nuh kò sọ fún ọmọ rẹ̀ ibi tó gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun àti Àlàájà Muhsinah ló jọ lọ sí hótẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò, kí Muhsinah lè máa túmọ̀. Ẹnu Emina ni Nuh ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ọmọbìnrin náà pè é wá sí ìsàlẹ̀ hótẹ́ẹ̀lì. Ojú Emina ti wú.

"Ìyá rẹ ní ẹ̀bi òun ni," ó wí. "Ó ní nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, ìkáámà òun, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ti kú. Ó ní òun kọ́ ọ pé bí ọlọ́pàá bá mú òun lójú ọ̀nà, kí o má ṣe sunkún, kí o má pe òun ní ìyá, kí o kàn máa rìn lọ. Ó ní ẹ jọ máa ń fi kọ́ra nínú ilé. Ó ní ohun tí òun kọ́ ọ lo ṣe lẹ́nu géètì. Bàbá mi sunkún, Nuh. Ó ní òun ti dárí jì ọ́."

Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nuh rántí yàrá náà, ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n mú, tí òun kékeré á máa rìn lọ sí ibi fèrèsé láì wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti tún gbé ẹrù náà rù fún un. Ohun tó kù kò ju kó dákẹ́ lọ, kí Emina di tirẹ̀.

"Òótọ́ ni ó kọ́ mi," Nuh wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá lẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn. Ìkáámà ìyá mi pé. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo bàbá rẹ, ìyá mi sì tì mí lójú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Emina wò ó.

"Bàbá mi ti gbà," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò dákẹ́?"

"Ìgbà kejì tí mo sẹ́ ìyá mi nìyẹn ì bá jẹ́."

"Nísinsìnyí mo ní láti gòkè lọ sọ fún un."

"Lọ sọ fún un."

Ó lọ. Kò sọ pé ó dàbọ̀.

Oṣù mẹ́jọ kọjá láìsí ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù. Nuh ń fi okùn sí ráákẹ́tì àwọn ẹlòmíì, ó sì ń wo iye ayò Emina bí àjèjì ṣe ń wò ó. Ọmọ náà bọ́ sáàárín ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ ní ayé. Ìyá Nuh náà ń wò ó, kò sì béèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ kan ni Nuh jẹ́wọ́ fún un ohun tó sọ ní hótẹ́ẹ̀lì.

"O ba àwáwí mi jẹ́," ni Àlàájà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ kí n tó gba báàgì lọ́wọ́ Emina lẹ́nu géètì." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń sọ iye aago tó lù, ìyẹn ló sì dun Nuh jù. Ìdáríjì tí kò ná an ní nǹkan kan kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí ìdíje tún dé, bàbá Emina ló dá wá sí yàrá okùn.

"Mo ti ro ó fún oṣù mẹ́jọ," ó wí. "N kò tíì fẹ́ràn rẹ. Ọmọ mi ní ẹni tó ju irọ́ tó lè fún un níyàwó nù kò ní tún purọ́ fún òun. Kò dá mi lójú bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mo fi ṣe adájọ́. Bó bá ní kí n fún ọ, màá fún ọ."

Wọ́n lọ bi í, Àlàájà Muhsinah tún ń túmọ̀. Àlàájà Raheemat kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Sọ fún un pé kó fún Àkànní," ó wí. "Kí Emina sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun ni."

Ilé Àlàájà Muhsinah náà ni wọ́n ti so yìgì, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Al-Abidiyah wá, àwọn dókítà wá, Firas wá, ìyá Emina wọ ọkọ̀ òfurufú wá pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá Emina ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ kí ìyá ọkọ wọlé kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n.

Nuh jáde lọ pè é. Ó bá a níjòkòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú léèsì tuntun, tó ń kí àwọn tó ń wọlé káàbọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì wọlé.

"Màámi, wọ́n ń pè yín."

Àlàájà Raheemat dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó yọjú wo inú yàrá, ó wo àwọn dókítà, ó wo àwọn òyìnbó. Ó di apá aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Àkànní, níbí ńkọ́? Ta ni kí n ní mo jẹ́ sí ọ?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì fi gún un lára. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí òun má baà ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú Nuh níwájú gbogbo èèyàn.

"Ìyá mi ni kí ẹ wí," ó dáhùn. "Ẹ sọ pé ìyá mi ni yín."

Àlàájà tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá a lójú, kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.